Díìsì wo ló yẹ kó kọ́kọ́ kún? Unraid, mergerfs, DrivePool àti ZFS lórí sáfà ilé

Ògbómọ̀ṣọ́ Àjílété, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan. Ẹ ò rí i pé ìlú tiwa, ohun tó máa ṣáájú dé ikùn gan-an létò. Àmọ́ a ó to díìsì mẹ́rin márùn-ún sínú sáfà kan (kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú fáìlì), a ò ní bi ara wa léèrè pé èwo ló máa kọ́kọ́ kún nínú wọn, ìgbà tí ọ̀kan bá kú la ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ohun tó wà nínú ẹ̀.

Fídíò ìnáwó ni mò ń yà, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí Tákié, ilé ni sáfà wà. Ẹni tó bá ń ya 4K ní 100 megabit láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, 45GB ló ń jẹ ní wákàtí kan. Kámẹ́rà méjì, ìnáwó wákàtí márùn-ún, 450GB ti lọ nìyẹn, Sátidé kan ṣoṣo o, ẹ má tíì dárúkọ Oṣù Kejìlá fún mi. Torí ẹ̀ ni mo ṣe dán oríṣiríṣi ètò tó ń so díìsì púpọ̀ pọ̀ bíi ọ̀kan wò, tí mo sì fẹ́ fi wọ́n wéra fún ẹni tó bá wà nídìí irú ẹ̀.

Ẹ wo àgbá omi mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹnì kan á rọ ọ̀kan kún dẹ́nu kó tó ṣí ìdérí èkejì, ẹlòmíì á máa bù ú káàkiri kí gbogbo wọn lè jọ ga bákan náà. Omi kan náà ni wọ́n pọn, ọjọ́ tí àgbá kan bá jò lẹ ó mọ̀ pé wọn ò ṣe ohun kan náà.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Àkọ́kọ́, bí díìsì kan bá kú, kí ló máa bá a lọ? Ọ̀pọ̀ wa, tòkunbọ̀ la ń rà, a ò mọ wákàtí mélòó ló ti ṣe lẹ́yìn odi kó tó dé ọ̀dọ̀ wa (ẹ fi SMART, àkọsílẹ̀ ìlera tí díìsì ń ṣe fúnra ẹ̀, wo Power-On Hours ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó, kì í ṣe lẹ́yìn ẹ̀). Àwọn ètò kan wà tó jẹ́ pé ohun tó wà lórí díìsì tó kú nìkan ló lọ. Àwọn kan wà, gbogbo ẹ̀ ló máa lọ.

Èkejì, iná. Èyí gan-an ni mo fi ń ṣèpinnu ju ohunkóhun lọ, ẹni tó bá fẹ́ kó fi mí rẹ́rìn-ín. Díìsì ńlá tó ń yí máa ń jẹ bíi wáàtì 5 sí 8, tó bá sùn kì í fi bẹ́ẹ̀ ju wáàtì kan lọ. Ká ní mẹ́rin ń yí ní wáàtì 6, 24 nìyẹn. Tó bá jẹ́ ọ̀kan ló ń yí tí mẹ́ta ń sùn, bíi 9 ni. Wáàtì 15 tó yọ yẹn, fún wákàtí 10 tí wọ́n mú iná lọ, 150 wáàtì-wákàtí ni. Bátìrì 12V 200Ah kan, tẹ́ ẹ bá lo ìdajì ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbà wá nímọ̀ràn, 1200 lẹ máa rí fà nínú ẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́jọ bátìrì yín lọ sórí díìsì tí ò ṣe nǹkan kan! Tí gbogbo wọn bá tún jọ jí lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè fa bíi wáàtì 24 fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, inverter kékeré á pariwo.

Ẹ̀kẹta, ṣé iṣẹ́ ẹnì kan wà lójú kan? Ìgbéyàwó ìdílé kan, mo fẹ́ kí gbogbo ẹ̀ wà lórí díìsì kan, kí n lè yọ díìsì yẹn kí n fi sínú kọ̀ǹpútà míì, iṣẹ́ ń lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni owó, àti pé ṣé ó lè gba díìsì tí ò dọ́gba, torí kò sẹ́ni tó ń ra 8TB mẹ́rin lọ́jọ́ kan náà níbí, ohun tówó bá ká la máa ń rà.

Eré sísá ńkọ́? Mi ò kà á sí rárá. Wáyà gigabit tí a ń lò ò kọjá bíi 110MB láàárín ìṣẹ́jú-àáyá, díìsì kan ṣoṣo tó ṣì le máa ń lè gba ìyẹn.

Unraid

Ibí lọ̀rọ̀ yìí ti hàn sójú jù, wọ́n kọ ọ́ sára share (fódà àjùmọ̀lò) kọ̀ọ̀kan, Allocation method, mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Fill-up ni ti ẹni tó ń rọ àgbá kan kún: díìsì 1 á máa gba gbogbo ẹ̀ títí á fi ku iye tẹ́ ẹ kọ sí Minimum free space, ìgbà náà ló máa tó kan díìsì 2. Most-free, fáìlì tó bá dé, díìsì tí àyè pọ̀ jù nínú ẹ̀ lákòókò yẹn ló ń gbà á. High-water lẹ máa bá níbẹ̀ tẹ́ ẹ ò bá fọwọ́ kan nǹkan, òun ló sì máa ń rú àwọn èèyàn lójú jù, ẹ jẹ́ ká fi òǹkà ṣe é.

Ká ní díìsì yín jẹ́ 8TB, 4TB àti 2TB. Á mú ìdajì èyí tó tóbi jù, ìyẹn 4TB, á fi ṣe àmì. Á máa kọ sórí 8TB títí àyè tó kù níbẹ̀ á fi di 4TB. Àyè tó wà lórí 4TB ò ju àmì lọ, ti 2TB ò tiẹ̀ dé ibẹ̀, kò tíì kan àwọn yẹn. Àmì á wá di 2TB: èyí tó jẹ́ 8TB á tún gba 2TB, èyí tó jẹ́ 4TB náà á gba 2TB, àbúrò wọn ṣì ń wòran. Àmì á di 1TB, gbogbo wọn á gba 1TB kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa lọ. Ó máa ń jókòó pẹ́ lórí díìsì kan kó tó ṣí lọ, síbẹ̀ gbogbo wọn á padà kún pọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ilé, ìyẹn ti tó, kí wọ́n má wulẹ̀ da ara wọn láàmú.

Most-free lórí díìsì mẹ́ta yẹn kan náà, 8TB nìkan ni á máa gbà á títí á fi ku 4TB, láti ibẹ̀ lọ ó di ìjà: fídíò yìí níbí, fídíò yẹn lọ́hùn-ún, iṣẹ́ ìyàwó kan á wà lórí díìsì méjì, gbogbo díìsì ń jí. Ohun míì tí àwọn èèyàn kì í rò sí: lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ra díìsì tuntun tẹ́ ẹ sì fi kún pool (àkójọ díìsì yín) tó ti fẹ́ẹ̀ kún, most-free á da gbogbo iṣẹ́ tuntun sórí òun nìkan fún oṣù púpọ̀. Ẹ rò pé ẹ ń pín in, fill-up lẹ ń ṣe láìmọ̀, orí díìsì tẹ́ ò tíì mọ ìwà ẹ̀ lẹ sì ń ṣe é.

Ìkìlọ̀ kan lórí Minimum free space. Unraid ò mọ bí fáìlì ṣe máa tóbi tó nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá kọ 5GB síbẹ̀, tí àyè ku 20GB lórí díìsì, tẹ́ ẹ wá ju fídíò 60GB tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ render sí i, á gbà á, á sì kún lójú ọ̀nà, iṣẹ́ á dúró. Ẹ jẹ́ kó ju fáìlì yín tó tóbi jù lọ. Èmi, 100GB. Split level náà wà níbẹ̀, òun ló ń sọ fódà tí ò gbọ́dọ̀ pín sí méjì, tí òun àti Allocation method ò bá sì fohùn ṣọ̀kan, tirẹ̀ ló máa ń lékè, ẹ rántí ìyẹn lọ́jọ́ tí díìsì 1 bá kún tí kò sì fẹ́ kọjá sí díìsì 2.

Tí díìsì bá kú, parity kan (díìsì tó ń pa ìṣirò ohun tó wà lórí àwọn yòókù mọ́) lè tún ohun inú ẹ̀ kọ. Tí méjì bá kú pọ̀ lórí parity kan, ohun tó wà lórí àwọn méjì yẹn ló lọ, ìyókù ṣì wà, torí díìsì kọ̀ọ̀kan ló ní fáìlì tiẹ̀ lọ́tọ̀. Díìsì parity gbọ́dọ̀ tóbi tó díìsì tó tóbi jù nínú ìyókù, owó nìyẹn. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá sì ń kọ nǹkan, parity náà gbọ́dọ̀ jí, kì í ṣe ọ̀kan ló ń yí nígbà yẹn, méjì ni. Ọgbọ́n tí mo rí sí i ni kí ẹ fi SSD ṣe cache, ibi tí fáìlì tuntun á kọ́kọ́ bọ́ sí, kí ẹ ní kí mover kó o lọ sórí díìsì ní wákàtí tí iná ìjọba sábà máa ń wà ládùúgbò yín.

Ibi tó ti dùn mí jù rèé. Tí iná bá já lójijì tí sáfà ò rí àyè kú dáadáa, tó bá tan padà parity check lókàn, á ka gbogbo díìsì látòkè délẹ̀. 8TB ní 150MB láàárín ìṣẹ́jú-àáyá, bíi wákàtí 15 ni. Níbi tí wọ́n ti ń mú iná nígbà tó bá wù wọ́n, kí wọ́n tó parí ti àná, tòní ti dé. Ẹni tí ò bá ní UPS tó lè sọ fún sáfà pé kó rọra kú, kó má ra Unraid.

Owó ni wọ́n ń gbà fún láísẹ́ǹsì. Lọ́dún 2024 tí wọ́n yí i padà, wọ́n pe Starter ní 49 dọ́là, Unleashed 109, Lifetime 249. Ẹ fi dọ́là òní ṣírò ẹ̀ fúnra yín.

mergerfs, òun àti SnapRAID

Ọ̀fẹ́ ni, orí Linux ló ń ṣiṣẹ́. Kì í fọ́ díìsì yín, kì í tún un kọ, ó kàn ń jókòó lórí àwọn tẹ́ ẹ ti ní, á wá fi gbogbo wọn hàn bíi fódà kan. Ẹ yọ díìsì kan, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, fáìlì inú ẹ̀ á ṣí geere.

Ohun tó ń pinnu èwo ló kọ́kọ́ kún ni category.create. Ó pọ̀ o, àmọ́ díẹ̀ lẹ máa lò. ff, bí ẹ bá ṣe to díìsì ní fstab (fáìlì tí Linux fi ń mọ ètò díìsì) ló ṣe máa kún wọn, /mnt/d1:/mnt/d2:/mnt/d3, d1 kọ́kọ́, tí àyè ibẹ̀ bá ti bọ́ sábẹ́ minfreespace ó di d2. mfs ni most-free tiwọn. lfs ń wá èyí tí àyè kù díẹ̀ jù nínú ẹ̀, ó fẹ́ parí èyí tó ti bẹ̀rẹ̀. pfrd ń fi orí kàn mú, àmọ́ èyí tí àyè ẹ̀ pọ̀ ló máa ń bọ́ sí lọ́wọ́ jù.

Àwọn tó fi ep bẹ̀rẹ̀ wá, ẹ farabalẹ̀ síbẹ̀. Ọdún púpọ̀ ni epmfs fi jẹ́ èyí tí wọ́n ń bá níbẹ̀, òun náà ni mo sì fi sílẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe tèmi. Ọmọ iṣẹ́ mi pè mí láti ilé lálẹ́ ọjọ́ kan.

"Ọ̀gá, ó ní àyè ò sí mọ́ o."

"Àyè ò sí bíi ti báwo? A ṣẹ̀ṣẹ̀ ki díìsì bọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá!"

"Ẹ wá wò ó, sà. 5TB wà níbẹ̀, ó ṣì ní kò sí."

Òótọ́ ló sọ. ep yẹn, ibi tí fódà náà ti wà tẹ́lẹ̀ nìkan ló ń wò. Fódà tí mo fi iṣẹ́ ọdún yẹn sí wà lórí d1 àti d2, àwọn méjèèjì ti kún, kò sì sí lórí d3 tó ṣófo, lójú tiẹ̀ d3 ò sí láyé. Mkdir (àṣẹ tó ń dá fódà sílẹ̀) kan ṣoṣo lórí d3 ló tán an, àmọ́ mo ti lo wákàtí méjì, mo ti fẹ́ pe oníbàárà pé fídíò wọn ò tíì ṣe. Ẹ̀bi tèmi ni, mi ò ka ìwé ẹ̀. Àtìgbà yẹn, ff ni mò ń lò, minfreespace=100G (4G ni wọ́n fi sí i, ó kéré jù fún oní-fídíò), pẹ̀lú moveonenospc=true tó jẹ́ pé tí díìsì bá kún lójú ọ̀nà á gbé fáìlì náà lọ síbòmíì kó tó parí ẹ̀.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn nínú ff ni pé tí fódà ìyàwó kan bá bọ́ sí ìgbà tí d1 ń parí, ìdajì á wà ní d1, ìdajì á wà ní d2. Mo kàn máa ń wo àyè tó kù ní alẹ́ Jímọ̀, tí kò bá ní lè gba Sátidé, màá sọ d1 di NC nínú ètò ẹ̀, ìyẹn ni pé kò gbọdọ̀ gba fáìlì tuntun mọ́, àmọ́ wọ́n ṣì lè kà á kí wọ́n sì tún un ṣe.

mergerfs fúnra ẹ̀ ò dáàbò bo nǹkan kan. SnapRAID ló ń ṣe ìyẹn, tiẹ̀ kì í sì í ṣe lójú ẹsẹ̀, ìgbà tẹ́ ẹ bá ṣe sync, ìyẹn ni pé ẹ ní kó ṣírò parity tuntun, ni. Ohun tẹ́ ẹ kó wọlé láàárọ̀, tí díìsì bá kú kí sync alẹ́ tó ṣẹlẹ̀, ó lọ. Mi ò ń nu káàdì kámẹ́rà títí sync á fi parí. Fún fáìlì ńlá tí kì í yí padà ó dáa púpọ̀, fún ẹni tó ń yí nǹkan padà níṣẹ̀ẹ́jú-ìṣẹ́jú kò dáa. Kò sì sí parity tó ń jí nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá ń kọ nǹkan, ọ̀kan ló ń yí lóòótọ́, inverter mi dúpẹ́. Àfi tẹ́nì kan bá ṣí fódà tó wà lórí gbogbo díìsì, ìyẹn lè jí gbogbo ilé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá lo ext4 (ọ̀nà tí Linux fi ń to fáìlì sórí díìsì), ó máa ń fi 5% àyè pamọ́ fún root, ọ̀gá ẹ̀rọ. Lórí 8TB, 400GB nìyẹn! Ẹ fi tune2fs -m 1 dín in kù sí 1%, 320GB á padà sọ́wọ́ yín.

DrivePool

Orí Windows ni, owó ẹ̀ kéré sí ti Unraid, wọ́n sì máa ń jẹ́ kí èèyàn tọ́ ọ wò fún ọgbọ̀n ọjọ́. Bó ṣe wà, díìsì tí àyè pọ̀ jù ló ń kó fáìlì tuntun sí. Ẹni tó bá fẹ́ kó kún ní títẹ̀léra á fi plug-in (ètò àfikún) kan sí i, Ordered File Placement, á to díìsì bó ṣe fẹ́. SSD Optimizer náà wà fún ẹni tó fẹ́ kí SSD kọ́kọ́ gbà á. File placement wá ní tiẹ̀, ẹ lè ní kí fódà Fọ́tò wà lórí díìsì méjì yìí nìkan, kó má dé ibòmíì. Mo fẹ́ràn èyí, ó rọrùn ju kéèyàn máa kọ fstab lọ.

Fáìlì wà lórí NTFS lásán tí Windows ń lò, nínú fódà kan tó fara pamọ́ lórí díìsì kọ̀ọ̀kan, díìsì tó kù á ṣí níbikíbi. Àbò ẹ̀ ni pé á kọ fáìlì sí méjì, ìyẹn ni pé àyè tó ń jẹ di ìlọ́po méjì. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú balancing: tẹ́ ẹ bá fi plug-in méjì tó ń bára wọn jà sí i, ọ̀kan ń kó lọ, ìkejì ń kó bọ̀, díìsì ò ní sùn.

ZFS, Btrfs àtàwọn yòókù

Kí n má purọ́ fún yín, tẹ́ ẹ bá fẹ́ pàṣẹ èyí tó máa kọ́kọ́ kún, ẹ má wá síbí. ZFS ń fọ́n data sórí gbogbo vdev (ọ̀wọ́ díìsì inú pool), ó kàn ń fì sí èyí tó ṣófo jù ni. Vdev tuntun tẹ́ ẹ fi kún un, kì í dédé kó ohun àtijọ́ wá síbẹ̀. Vdev kan bá bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, gbogbo pool ló tẹ̀ lé e. Gbogbo díìsì ló sì ń jí pọ̀. Ohun tó fi jù wọ́n lọ ni pé ó ń yẹ data wò, ó mọ ìgbà tí bit kan bá yí padà láìsẹ́ni tó mọ̀, á tún un ṣe tí ẹ̀dà míì bá wà. Btrfs náà ń ṣe àyẹ̀wò yẹn, ó gba díìsì tí ò dọ́gba, àmọ́ òun fúnra ẹ̀ ló ń yan èyí tí àyè pọ̀ jù.

LVM linear, ọ̀nà míì lórí Linux, ń so àyè díìsì pọ̀ ní títẹ̀léra lóòótọ́, àmọ́ filesystem (ètò tó ń to fáìlì) kan ṣoṣo ló gun orí gbogbo wọn, díìsì kan kú, gbogbo ẹ̀ dojú rú. Mi ò ní fi ṣe ẹ̀bùn fún ọ̀tá mi.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Oní-fídíò bíi tèmi, tó ní díìsì tí ò dọ́gba, tó ń lo inverter, tí ọwọ́ ẹ̀ sì gba Linux díẹ̀: mergerfs pẹ̀lú ff, SnapRAID lálaalẹ́. Ẹ fi díìsì tó le jù ṣe d1, torí òun ló máa ṣiṣẹ́ jù, kí tòkunbọ̀ wà lẹ́yìn.

Ọ̀dọ́ tó ń bójú tó media ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹlòmíì máa gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, Unraid ni kó lọ bá àwọn bàbá ìjọ sọ. High-water, kó má fọwọ́ kan an. Àmọ́ kí wọ́n ra UPS pẹ̀lú ẹ̀, ìnáwó kan ṣoṣo ni kó pè é níwájú wọn, torí tó bá pín in sí méjì wọn ò ní ra èkejì.

Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH tó wà ní Under G, tó ní kọ̀ǹpútà Windows kan àti díìsì méjì tó ń fi USB so mọ́ ọn, DrivePool. Kó tọ́ ọ wò fún ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn ná.

Ẹni tó bá ń pa ìwé ilé, àkọsílẹ̀ ọ́fíìsì tàbí fọ́tò ẹbí tí kò gbọ́dọ̀ yí padà, tó lówó díìsì dọ́gba-dọ́gba méjì tó sì ní iná tó dúró: ZFS mirror, tí díìsì méjèèjì ń gba ohun kan náà, kó gbàgbé ọ̀rọ̀ èwo ló kọ́kọ́ kún. Kó ṣì ní ẹ̀dà kan níta ilé, parity àti mirror ò lè gba ààrá tàbí olè mọ́ra.

Èyí tẹ́ ẹ bá mú nínú wọn, kẹ́ ẹ tó kó iṣẹ́ oníbàárà sí i, ẹ kó fáìlì mẹ́ta tí ò ní láárí wọlé, kí ẹ wá ṣí díìsì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ wo ibi tí wọ́n bọ́ sí. Èmi ti rò nígbà kan pé d1 ló ń kún, d3 ló ń gba gbogbo ẹ̀, mo ti to orúkọ wọn sódì nínú fstab.